Ọsàn Ilẹ̀ Bẹ́núè àti Owó Tí Ń Jẹrà Lábẹ́ Igi

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá a máa tò lẹ́sẹẹsẹ ní àwọn ọjà Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè. Láti Gboko àti Ushongo, láti Konshisha àti Vandeikya, ọsàn ni wọ́n ń kó lọ sí Kano, sí Kaduna, sí Onitsha àti sí Èkó. Ẹni tí ó dúró ní etí títì ní Èkó, tí a fi abẹ bó ọsàn fún, kì í sábà béèrè ilẹ̀ tí ọsàn náà ti wá. Bákan náà ni àgbẹ̀ tí ó gbìn ín kì í sábà mọ iye tí a ń tà á ní Èkó. Ní àkókò yìí kan náà ni a sì máa ń gbọ́ ìròyìn pé ọsàn ń jẹrà lábẹ́ igi ní ilẹ̀ Bẹ́núè, pé olówó kò wá, àti pé iye tí wọ́n fi lọ àgbẹ̀ kò tó owó àwọn tí yóò ká a. Ìròyìn náà ti di ohun àtigbà-dé-gbà. Ó tó kí a wo ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí a lè mọ bí èso tí gbogbo ayé ń fi owó rà ṣe di ohun tí a ń dà nù ní ilẹ̀ wa.

Ọsàn tí a ń mu kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀, ní àgbègbè tí ilẹ̀ Íńdíà àti ilẹ̀ Ṣáínà ti súnmọ́ ara wọn. Àwọn Lárúbáwá ni wọ́n gbé ọsàn kíkan kọjá sí àwọn ilẹ̀ tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká. Nígbà tí ó yá, àwọn Pọtogí, tí ọkọ̀ wọn dé Íńdíà ní 1498, kó ipa ńlá nínú títan ọsàn dídùn kálẹ̀, títí tí àwọn Gíríìkì àti àwọn Lárúbáwá fi sọ èso náà ní orúkọ ilẹ̀ Pọtogí. Ní ti wa, ọ̀nà méjì ni irú èso yìí lè gbà dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ojú òkun pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, àti ojú aṣálẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ràkúnmí. Lẹ́mu ni àwọn Hausa ń pè é, orúkọ náà sì bá èdè Lárúbáwá tan. Àwa Yorùbá ní tiwa fún àjèjì yìí ní orúkọ ọmọ onílé: ọsàn tí a ń pe àgbálùmọ̀ náà ni a yá a lò.

Ní ayé àtijọ́, oògùn ni ọsàn kí ó tó di ọjà. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń pẹ́ lójú òkun láìjẹ ewébẹ̀ tàbí èso a máa ní àrùn kan tí erìgì wọn yóò wú, tí eyín wọn yóò máa mì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì kú. Ní 1747, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ James Lind, nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Salisbury, mú aláìsàn 12, ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oògùn ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti òroǹbó kíkan ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Síbẹ̀, ọdún 1795 kí ó tó dé ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà láti máa fún gbogbo atukọ̀ wọn ní omi òroǹbó. Láti ìgbà náà ni ìjọba àti àwọn oníṣòwò ti mọ̀ pé omi inú èso wọ̀nyí lè rin ìrìn àjò jìnnà, tí èso fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù mú wá sí etí òkun wa. Ní Gold Coast, tí ó di Ghana ní 1957, ilé iṣẹ́ Rose ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sí agbègbè Cape Coast, wọ́n ń fún omi rẹ̀, omi náà ni wọ́n sì ń kó sọ́kọ̀ lọ sí òkè òkun. Ní orí òkè Fouta Djallon, ní ilẹ̀ Guinea tí ó wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, èèpo ọsàn ni ó ń mówó wá. Àwọn obìnrin a máa họ ara èèpo náà, wọn a gba òróró olóòórùn dídùn tí ó wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò a sì kó o lọ fún àwọn tí ń ṣe lọ́fínńdà àti àwọn tí ń ṣe ohun dídùn ní ilẹ̀ Faransé. Kí olùgbọ́ kí ó fi eléyìí sọ́kàn. Èèpo tí a ń bó sílẹ̀ ní etí títì wa lónìí, tí a sì ń gbá dànù, òun ni àwọn obìnrin Guinea fi ń pawó.

Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn kò ka ọsàn sí irè oko pàtàkì. Kòkó ni a mọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀pà àti òwú mọ́ Àríwá, epo pupa àti èkùrọ́ mọ́ Ìlà-Oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé ni ọsàn wà, fún ọmọdé àti àlejò. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ṣa àwọn igi tí ó so dáadáa láàárín ìlú, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn pè wọ́n. Ìdí nìyí tí a fi ń rí irú ọsàn tí ń jẹ́ Agége, Mẹ́ran, Umudike, Bende àti Etinan títí di òní. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ Lafia sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa fi èso sínú agolo. Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀, tí a mọ̀ sí NIHORT, sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìbàdàn ni ọsàn ti wá di ìpìlẹ̀ ọrọ̀ odidi ẹkùn kan. Ilẹ̀ àwọn Tiv ni, ní àfonífojì odò Bẹ́núè. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, yànmọ̀tí ni àwọn Tiv ń tà láti rí owó orí san. Ojú irin tí ó ti Port Harcourt wá, àti afárá Makurdi tí a ṣí ní 1932, ni ó jẹ́ kí irè oko wọn lè gba orí odò náà kọjá láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Yànmọ̀tí kò wúwo, kì í tètè bàjẹ́, a sì lè tọ́jú rẹ̀ sínú àpò fún oṣù púpọ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, a máa dá iye lé e. Bí iye náà bá tilẹ̀ kéré, àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ó tó gbìn.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa ilẹ̀ Tiv. Paul àti Laura Bohannan, àwọn onímọ̀ méjì tí wọ́n gbé láàárín àwọn Tiv láàárín 1949 àti 1953, ṣàlàyé pé ẹ̀tọ́ ọkùnrin Tiv ni láti rí ilẹ̀ tí ó tó o dáko láàárín ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí abá kan náà títí ayé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣá, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì ṣí lọ sí òmíràn. Iṣu àti yànmọ̀tí bá irú ìgbé ayé yìí mu. Igi ọsàn kò bá a mu. Igi kì í ṣí. Ẹni tí ó bá gbin ọsàn ti dúró lójú kan fún 20 ọdún tàbí 30 ọdún, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ilẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ wá igi tí ó wà lórí rẹ̀ tì. Nítorí náà, bí ọsàn ti ń gbilẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni ó mú wọ ilé àgbẹ̀. Ó tún mú kí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti ìdílé máa súnmọ́ pé kí ó di ti ẹnì kan. Ogún tí bàbá kò lè fi sílẹ̀ nígbà yànmọ̀tí, ó lè fi í sílẹ̀ nígbà ọsàn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, owó epo rọ̀bì kún ìlú, àwọn ìlú ńlá sì ń pọ̀ sí i ní èèyàn. A dá Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè sílẹ̀ ní 1976. Títì ọ̀dà dé ibi tí ojú irin kò dé. Owó irè oko tí a ń kó lọ sí òkè òkun wálẹ̀, ìjọba sì tú àwọn Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Àgbẹ̀ tí ó ń wá ohun tí yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé rí i pé ẹni tí ó wà ní Kano àti Èkó ń fẹ́ èso, àti pé kò sí bọ́ọ̀dù tí ó ń dá iye lé e. Báyìí ni oko ọsàn fi gbòde. Ọgbọ́n lílọ́ igi ni ó tún mú un yá. Igi tí a fi kóró gbìn lè gba ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so, ṣùgbọ́n bí a bá gé ọwọ́ igi tí ó dára, tí a sì lọ́ ọ sí ara òroǹbó kíkan tí gbòǹgbò rẹ̀ le, yóò bẹ̀rẹ̀ sí so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Bí a bá fi mítà 7 sí àárín igi kan àti èkejì ní ìbú àti ní òòró, igi bí 200 ni yóò gba hẹ́kítà kan.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ àwọn ọsàn tí ó wà ní oko Bẹ́núè, nítorí ìtàn wà nínú wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìbàdàn, èyí tí ó fi ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ hàn. Òmíràn ń jẹ́ Washington, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bahia ní ilẹ̀ Brazil ni ọsàn onídodo náà ti kọ́kọ́ yọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní 1870 ni a fi igi rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Washington. Ní 1873, obìnrin kan tí ń jẹ́ Eliza Tibbets gbin ín sí Riverside ní California, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di ọrọ̀ ńlá fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Irú igi kan náà ni ó wà ní California àti ní ilẹ̀ Tiv. Kí ni ó wá mú kí èrè wọn yàtọ̀?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà ní ojú ọ̀nà ọjà. Ọsàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti pọ́n, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àgbẹ̀ ní. Nítorí pé gbogbo oko ń pọ́n ní àkókò kan náà, iye rẹ̀ a já lulẹ̀ ní ọjọ́ tí ó pọ̀ jù. Àwọn alágbàtà mọ èyí. Àwọn mìíràn a máa wá ra ọsàn lórí igi nígbà tí ó ṣì wà ní tútù, nígbà tí àgbẹ̀ ń wá owó ilé ìwé tàbí owó oògùn. Lẹ́yìn náà ni owó àwọn aká, owó apẹ̀rẹ̀ àti àpò, owó ọkọ̀, àti owó tí a ń gbà ní ìdènà kan dé ìdènà kejì lójú títì. Ní Kano, ọjà ńlá kan wà tí ń jẹ́ 'Yan Lemo, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn ọlọ́sàn. Ọsàn ti lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ odidi ọjà lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí ń tà á ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti àwọn tí ń gbìn ín. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọmọ ọsàn ní í kó pónpó bá ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ Bẹ́núè ni ó ń jẹ pónpó náà.

Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ọsàn àti àwọn èso ìdílé rẹ̀ tí Nàìjíríà ń mú jáde lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù. Iye yìí fi wá sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ga jù ní Áfíríkà. Síbẹ̀, èyí tí a ń tà sí òkè òkun kò tó nǹkan. Ìdí kan ni pé ní ilẹ̀ gbígbóná, ọsàn lè pọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí pé òru ilẹ̀ wa kì í tutù tó láti sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwa mọ̀ pé ó dùn, ṣùgbọ́n ará Yúróòpù tí ó fi ojú rajà kò mọ̀. Nítorí náà, bí ọsàn wa yóò bá rin ìrìn àjò, omi rẹ̀ tàbí òróró èèpo rẹ̀ ni yóò rìn ín, gẹ́gẹ́ bí ti Cape Coast àti Fouta Djallon àtijọ́.

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ ti fi òfin de omi èso tí a ti dì sínú páálí láti òkè òkun, kí àwọn ilé iṣẹ́ ilé lè rọ́wọ́ mú. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ra omi ọsàn tí a ti fa omi rẹ̀ gbẹ títí ó fi ki bí oyin láti òkè òkun, wọ́n ń fi omi là á níhìn-ín, wọ́n sì ń dì í. Ní 2012, ilé iṣẹ́ Teragro gba ilé iṣẹ́ Benfruit tí ó wà ní Makurdi láti máa ṣe irú omi kíki yìí láti inú ọsàn Bẹ́núè. A ní ilé iṣẹ́ náà lè gba èso 26,500 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi dákẹ́. Àní bí kò bá tilẹ̀ dákẹ́, ẹni tí ó bá fi 26,500 wé mílíọ̀nù 3 yóò rí i pé kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè gba odidi ẹkùn là.

Nígbà tí a ń jà pẹ̀lú ọjà, àwọn ọ̀tá mìíràn tún dé. Ní 2003 ni a rí eṣinṣin èso kan tí ó ti Éṣíà wá ní ilẹ̀ Kenya. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti tàn dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń yé ẹyin sínú èso, èso náà a sì jábọ́ kí ó tó pọ́n. Èyí tí ó burú jù ni ìjà láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2018, a kọlu àwọn abúlé ní Guma àti Logo. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, òkú 73 ni a sin pọ̀ ní Makurdi. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti fi oko sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní àgọ́. Ẹni tí ó gbin ẹ̀wà, tí ó sì sá lọ, pàdánù ọdún kan. Ẹni tí ó gbin ọsàn, tí ó sì sá lọ, lè pàdánù iṣẹ́ 20 ọdún.

Kí àwọn olùgbọ́ wa lè mọ ohun tí a ń pàdánù, ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun. Ní 1948 ni àwọn ará Florida ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n rí láti sọ omi ọsàn di kíki kí wọ́n sì fi í sínú yìnyín láìba adùn rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù kejìlá 1962, òtútù líle pa ọsàn Florida. Àwọn ará São Paulo ní Brazil kò sùn. Ní 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dá ilé iṣẹ́ omi kíki sílẹ̀, lónìí àwọn ni wọ́n ń ta ju ìdajì omi ọsàn tí ó wà ní ọjà àgbáyé. Ní 2005, àrùn kan tí kòkòrò ń gbé kiri tún bẹ́ sílẹ̀ ní Florida. Ìpínlẹ̀ tí ó ká àpótí ọsàn mílíọ̀nù 242 ní 2003 sí 2004 ká nǹkan bí mílíọ̀nù 18 péré ní 2023 sí 2024. Brazil náà ní ọ̀dá àti àrùn. Ní ìparí 2024, iye omi kíki ga ju dọ́là 5 lọ fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2025, iye náà tún wálẹ̀. Ọdún tí gbogbo ayé ń fi owó gọbọi wá omi ọsàn ti dé, ó sì ti kọjá, ilẹ̀ wa kò sì ní ohun tí yóò gbé lọ sí ọjà náà, bẹ́ẹ̀ ni ọsàn ń jẹrà.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa kò ṣòro láti rí. Orílẹ̀-èdè tí ọsàn sọ di ọlọ́rọ̀ kì í ṣe èyí tí ó ní igi púpọ̀ nìkan, bí kò ṣe èyí tí ó ní ibi tí yóò fún omi rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó pọ́n. Ilé iṣẹ́ kéékèèké púpọ̀ ní Gboko, ní Ushongo àti ní Vandeikya yóò sàn ju ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ó jìnnà sí oko. Àwọn ẹ̀rọ tí ń gba òróró lára èèpo kò wọ́n bí ti omi kíki, èèpo náà kò sì wọ́n wa. Àgbẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè dúró níwájú alágbàtà kí ó sì sọ iye tirẹ̀, èyí tí ẹni kan ṣoṣo kò lè ṣe. Bí a bá sì gbin oríṣi tí ó ń tètè pọ́n àti èyí tí ó ń pẹ́ pọ́n pọ̀, gbogbo ọsàn kì yóò jábọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni èyí. Iṣẹ́ ìjọba ni iná mànàmáná, ọ̀nà tí kò ní ìdènà owó, àti ààbò ẹ̀mí àwọn tí ó wà lóko.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba kò lè gbin ọsàn fún àgbẹ̀, àgbẹ̀ kò sì lè kọ́ títì fún ìjọba. Àgbẹ̀ Bẹ́núè ti ṣe tirẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, láìsí bọ́ọ̀dù tí ó dá iye lé irè rẹ̀, láìsí ilé iṣẹ́ tí ó dúró tì í. Igi rẹ̀ wà ní ìdúró, ó sì ń so lọ́dọọdún. Kí ọyẹ́ mìíràn tó fẹ́, ó yẹ kí a rí i pé àwa tí ó kù ti ń ṣe tiwa.